Ìdágbére fún Ilé Òbí, Kí Kọ́kọ́rọ́ Tó Kúrò Lọ́wọ́ Ọmọ

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, tí àlejò ti túká, tí wọ́n ti tú àtíbàbà, tí wọ́n sì ti dá àga tí wọ́n yá padà, ọ̀rọ̀ ilé á wá ku àwọn ọmọ nìkan. Bó bá jẹ́ ìyá ló kú gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo sí i. Níwọ̀n ìgbà tí ìyá bá ṣì wà nílé, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó ni ilé. Ọjọ́ tí ìyá bá lọ ni ilé di ogún. Ní Àjàṣẹ́ níbí, ìyẹn Porto-Novo, ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n àgbà á mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí Kútọnu, ìkan á gba ibodè Ìgọ̀lọ̀ padà sí Èkó, ìkan á wọ bàálù padà sí Libreville tàbí Paris, wọ́n á ní àwọn máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ bí ọdún bá yí po. Ọdún á yí po, wọn ò ní sọ ọ́. Èrò tèmi ni pé ilé tí wọ́n tì pa báyìí, wọn ò tọ́jú ẹ̀, wọ́n fi lé òjò lọ́wọ́ ni. Iṣẹ́ ni ìdágbére ilé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń tò ó, ọwọ́ àwọn ọmọ fúnra wọn ló yẹ kó ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òjò, torí òun ni kì í dúró de ìpàdé ẹbí. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ tó wà láàárín ìgboro Àjàṣẹ́, títí kan àwọn ilé tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé kọ́, amọ̀ ló wà nínú ògiri wọn. Ohun tí ojú ń rí lóde, ìrẹ́lé lásán ni. Amọ̀ a máa pẹ́ gan-an bí orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ. Bí ìṣó páànù bá dípẹtà, ihò rẹ̀ á fẹ̀, omi á máa kán sórí ògiri, á gba inú amọ̀ sọ̀kalẹ̀ láì jẹ́ kí ẹni tó wà lóde mọ̀. Bí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri náà, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí omi tó wọlé kò níbi tó máa gbà jáde. Amọ̀ á rọ̀ lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, sìmẹ́ǹtì á wú, á sì já lulẹ̀ lódindi lọ́jọ́ kan. Ẹ fi egungun ìka kan ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tó bá ti ń dún gbọ̀ngbọ̀n, ó ti ṣófo lẹ́yìn. Ikán náà ń bá omi rìn: ibi tó bá lọ́rinrin ló máa gbà wọlé, kó tó gun igi àjà.

Òjò ńlá tiwa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ó sì ń lọ dé oṣù keje. Òjò kékeré á tún dé láti oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kọkànlá. Ìgbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ló dára jù fún iṣẹ́ inú ilé: ìwé gbẹ, aṣọ ṣeé sá, fọ́tò ò lẹ̀ mọ́wọ́. Bí ẹ ò bá lè parí ọ̀rọ̀ kí òjò tó dé, ẹ ṣe ohun tí ilé máa fi dúró dè yín. Ẹ pààrọ̀ ìṣó tó bá ti jẹ. Ẹ gbá ewé kúrò nínú gọ́tà. Ẹ wa ilẹ̀ ẹsẹ̀ ògiri kí omi lè máa ṣàn kúrò lára ilé dípò kó máa ṣàn bọ̀. Ẹ fi ìdérí tó lágbára bo kànga, ẹ má sì fi pàǹtírí dí i láéláé, torí omi kan náà tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni kànga aládùúgbò ń fà. Ẹ já iná ní dísjọ́ńtà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń pa iná gbogbo ilé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ wá ẹni tó máa gbé inú ilé náà, ìbátan tàbí ọmọléèwé, kó fọwọ́ sí ìwé pé òun ò san owó ilé àti pé ìtọ́jú ni wọ́n ní kí òun máa ṣe. Bí kò bá sí ìwé yẹn, lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìyẹn náà á ní òun ni òun ni yàrá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìwé nìkan. Ẹ má tíì pín aṣọ, ẹ má tíì pín ìkòkò. Àwọn òbí wa kì í kó ìwé pa pọ̀ síbì kan. Ìwé ilẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ, ìwé ìbí lè wà láàárín Kùránì tàbí Bíbélì, rìsíìtì owó orí lè wà nínú agolo bisikíìtì, a sì ti rí ìwé tí wọ́n rán mọ́ inú ìrọ̀rí. Ẹ ká tápì ilẹ̀. Ẹ yẹ ẹ̀yìn férémù fọ́tò wò, ibi tí wọ́n ti fi páálí dí i. Ẹ ṣí gbogbo aṣọ tí wọ́n ká, ẹ fi ọwọ́ tẹ ìṣẹ́po rẹ̀. Ẹ máa rí owó CFA àtijọ́ tí BCEAO, báǹkì tó ń tẹ̀ ẹ́, ti kó kúrò nílẹ̀, ẹ máa rí náírà àtijọ́ láti ìgbà tí màmá ń ná ọjà ibodè. Kò ṣeé ná mọ́, síbẹ̀ ẹ kà á lójú ara yín, kẹ́ ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, torí owó tí kò ṣeé ná pàápàá lè dìjà bí ẹnì kan bá dá a rí.

Ìwé tí ẹ ń wá gan-an ni àwọn wọ̀nyí: acte de décès (ìwé ikú) àwọn òbí méjèèjì, acte de naissance (ìwé ìbí) ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìwé tí bàbá fi ra ilẹ̀, permis d'habiter (ìwé àṣẹ láti gbé orí ilẹ̀) tó bá jẹ́ ti ayé àtijọ́, attestation de recasement (ìwé ojúlé tí wọ́n pín fún ẹni) bí wọ́n bá ti pín àdúgbò náà ní ojúlé, àti titre foncier (ìwé ẹ̀rí oní-ilẹ̀) fún ẹni tó bá ní in. Rìsíìtì owó orí ilé ń jẹ́rìí pé òbí yín ló wà lórí ilẹ̀ náà tó sì ń san owó rẹ̀ láti ọdún yìí dé ọdún yẹn. Ẹ má dà á nù. Ìwé tí ikán tàbí òjò ti jẹ, ẹ má lọ ọ́, ẹ má sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi sáàárín bébà funfun méjì, ẹ ya á lójú kan àti lẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó gbé e rìn.

Ohun kan wà tó máa ń da àwa ará Bẹ̀nẹ̀ láàmú, ìyẹn orúkọ. Ọmọ tó kàwé ní Àjàṣẹ́ ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Adjayi, àbúrò rẹ̀ tó dàgbà sí Èkó ń kọ ọ́ ní Ajayi. Ti ẹnì kan jẹ́ Chola, ti èkejì jẹ́ Sola. Ìyá kan náà ló bí wọn, ṣùgbọ́n lójú nótéè, òṣìṣẹ́ òfin tó ń ṣe ìwé ogún àti ìwé títà, àti lójú ilé ẹjọ́, ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ to gbogbo ìwé ìbí sórí tábìlì, ẹ fi wọ́n wéra ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pàápàá orúkọ bàbá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí ìwé ọmọ. Níbi tí kò bá ti bára mu, ẹni náà á gba certificat d'individualité tó sọ pé orúkọ méjèèjì, ẹnì kan náà ni. Ẹni tó bá wà lókè òkun á ṣe ìwé aṣojú, procuration, wọ́n á lù ú ní òǹtẹ̀ níbi tó wà kó tó fi ránṣẹ́. Fídíò tí ẹ̀gbọ́n fi ń sọ lórí WhatsApp pé òun ti gbà, kò sí ẹni tó máa gbà á.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpàdé ẹbí, conseil de famille. Àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní PV, gbọ́dọ̀ dárúkọ gbogbo ọmọ láì yọ ẹnì kan sílẹ̀, títí kan ọmọ tí bàbá bí síta tó sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kan tí wọ́n bá fojú fò ló lè bá gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. PV á dé ilé ẹjọ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i, kó tó di ohun tí nótéè lè lò. Níbi tí ìyàwó bá pọ̀, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn àtijọ́ ti ń yọjú: ṣé ìdí-igi la máa fi pín in, kí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan gba ipò kan, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀? Òfin ti dáhùn. Òfin ìdílé Bẹ̀nẹ̀, Code des personnes et de la famille, Loi 2002-07 ti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, kò ya ọmọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọbìnrin, kò sì fún àkọ́bí ní ju ti àbíkẹ́yìn lọ. Ó tún sọ pé àṣà kò ní agbára òfin mọ́ nínú ohun tí òun ti sọ̀rọ̀ lé lórí. Nítorí náà, dáwódù lè jẹ́ olórí ìpàdé, kó jókòó sórí àga bàbá, ṣùgbọ́n ìpín rẹ̀ kò pọ̀ ju ti ilémoṣú tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan ò fẹ́ gbọ́ èyí. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́, kó tó di pé adájọ́ ló máa sọ ọ́.

Ní àwọn agbo-ilé àtijọ́ ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀ pátápátá. Yàrá tí wọ́n bí yín sí níbẹ̀, nínú agbo-ilé ló wà; baálé ló fún bàbá yín, kì í ṣe bàbá ló rà á. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ tà. Ìdágbére tiyín ni kẹ́ ẹ kó ẹrù, kẹ́ ẹ gbá yàrá, kẹ́ ẹ mú obì lọ bá baálé, kẹ́ ẹ sọ ọmọ tó máa jókòó síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ dá yàrá padà fún ẹbí.

Kí ẹ tó kó ohunkóhun kúrò nílé, ẹ ya fọ́tò ilé náà bó ṣe wà. Yàrá kọ̀ọ̀kan, fọ́tò mẹ́rin láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìkan sókè àjà, ìkan sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá ya ilẹ̀kùn ní títì àti ní ṣíṣí. Ẹ ya àmì ohun tí ọwọ́ ti họ sára ògiri: ibi tí wọ́n ti ń wọn gíga àwọn ọmọ, ibi tí èéfín àdògán ti mú ògiri dúdú, ojú ilẹ̀ tó jìn níbi tí wọ́n ti ń gbé odó kalẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn yàrá ní gígùn àti ní ìbú, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n láti igun sí igun òdìkejì ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ìwọ̀n méjèèjì ò bá dọ́gba, yàrá náà wọ́, ẹ yà á ní wíwọ́ bẹ́ẹ̀ sórí bébà. Lẹ́yìn náà kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dá jókòó, kó kọ ẹni tó ń sùn níbi kọ̀ọ̀kan àti ohun tó wà níbẹ̀ sínú àwòrán náà. Àkọ́bí àti àbíkẹ́yìn kì í kọ ohun kan náà, torí ilé tí àkọ́bí bá, òun kọ́ ni àbíkẹ́yìn bá. Ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀, ẹ má bá ara yín jà lórí èyí tó tọ́.

Fọ́tò inú gíláàsì gba sùúrù. Ọ̀sà wà lẹ́sẹ̀ Àjàṣẹ́, afẹ́fẹ́ wa lọ́rinrin, ojú fọ́tò ìgbà yẹn sì ní jẹlatíìnì tó ń rọ̀ bí ọ̀rinrin bá pọ̀. Tí kò bá ti sí àyè láàárín òun àti gíláàsì, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá fà á, ojú bàbá ló máa kù sára gíláàsì, bébà funfun ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fà á, ẹ má rẹ ẹ́ sómi. Ẹ gbé e bó ṣe wà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ò wọ̀ tààrà, ẹ pa iná fóònù, ẹ fi aṣọ dúdú bo ẹ̀yìn ẹni tó ń yà á kí òjìji rẹ̀ má bàa hàn nínú gíláàsì, ẹ yà á láti inú gíláàsì yẹn. Ti inú álúbọ́ọ̀mù olójú-àlẹ̀mọ́, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ kì bọ abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fà á síwá sẹ́yìn títí á fi ṣí. Orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò, pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ sẹ́yìn, torí báírò máa ń yọ sójú kejì. Ẹ pe ìyá àgbà tó bá kù ládùúgbò wá jókòó tì yín. Lọ́jọ́ tí òun náà bá lọ, idajì orúkọ inú àwọn fọ́tò yẹn ti lọ.

Ohùn náà wà. Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá rí funfun bí ìyẹ̀fun lára téèpù rẹ̀, ẹ má kì í bọ rédíò, ó máa já, èyí tó hu náà á sì ran èyí tó kàn. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n nù. Ti fóònù màmá jẹ́ kánjúkánjú ju ìyẹn lọ. Bí síìmù ò bá ṣiṣẹ́ mọ́ fún ìgbà pípẹ́, iléeṣẹ́ lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Ẹ kó ohùn tó fi ránṣẹ́ sí ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde báyìí, pàápàá èyí tó ti ń ki yín ní oríkì.

Ọ̀rọ̀ ẹrù kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ, bí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan lórí bí ẹ ṣe máa mú un. Ẹ to gbogbo rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Àbíkẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ mú ẹyọ kan, á lọ títí dé àkọ́bí. Nígbà kejì, àkọ́bí ló máa bẹ̀rẹ̀ tí á sì padà sọ́dọ̀ àbíkẹ́yìn. Ọlọ màmá ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ju wúrà lọ, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Aṣọ òkè tó ti pẹ́, ẹ ṣí i kúrò lójú ìṣẹ́po rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti máa ń já. Ẹ sá a sábẹ́ òjìji, kì í ṣe oòrùn, ẹ sì ká a sí ojú ìṣẹ́po tuntun.

Níbi ẹrù yìí, nǹkan kan wà tí kì í ṣe ti àwọn ọmọ rárá. Bí bàbá bá jẹ́ ọ̀jẹ̀, agọ̀ egúngún tó wà ní yàrá rẹ̀, ti ìdílé ni. Ẹ ránṣẹ́ sí Alágbàáà kí ẹnikẹ́ni tó gbé e. Ní Kétu, ère igi tí wọ́n fi ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lè wà nílé olóògbé tó sì jẹ́ ti ẹgbẹ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú ìwé àṣà àjogúnbá ti UNESCO láti ọdún 2008. Àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́ mọ iye rẹ̀ lọ́jà ju àwọn ọmọ lọ, wọ́n sì máa ń tètè gbọ́ ìkéde òkú. Ère ìbejì ló máa ń dùn mí jù. Ẹ gbé e sókè wò dáadáa: imú rẹ̀ ti pẹlẹ, ẹnu rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, osùn ti gbẹ sínú ìdì irun rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lọ́rùn. Ọwọ́ ìyá tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bọ́ ọ, ló fá ojú yẹn bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má fi fáníìṣì kùn ún, ẹ má tà á. Ìbejì tó bá wà láyé ló ni ín. Bí kò bá sí, kí ọmọ tó tẹ̀lé wọn, Ìdòwú, mú un.

Sàréè ló kù, òun ló sì ta kókó jù. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń sin òbí sínú ilé, ní yàrá tàbí lójúde. Bí ẹ bá fẹ́ tà ilé náà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni pé kí awọnlẹ̀ gé ibi sàréè sọ́tọ̀ pẹ̀lú ọ̀nà tó dé títì, kó sì yà á sínú àwòrán ilẹ̀, kí ó má sí nínú ohun tí ẹ tà. Bí ilẹ̀ ò bá tó, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé títà pé àwọn ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti máa wọlé wá síbi sàréè, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́lé lé e. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ yín lè jẹ́ olóòótọ́, ó lè máa gbálẹ̀ sàréè fún yín; ọjọ́ tó bá tún un tà, ẹni kejì ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀kẹta ni híhú òkú lọ sí itẹ́ òkú: ìyẹn gba ìwé àṣẹ láti mẹ́rì (ọ́fíìsì ìjọba ìlú), ó gba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà ìdílé, ó sì gba kí gbogbo ọmọ gbà. Bí ẹnì kan bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ibi ọmọ yín náà wà nínú ilẹ̀ yẹn, lábẹ́ igi kan tí màmá mọ̀. Ẹ lè mú lára igi náà lọ. Ìyeyè rọrùn: ẹ gé ẹ̀ka tó tó apá ní nínípọn, mítà kan ní gígùn, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ rì í wọlẹ̀ ní ìwọ̀n 30 sẹ̀ǹtímítà, á hù. Èso máńgòrò kì í dúró, láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ bá jẹ ẹ́ ni kẹ́ ẹ la èèpo líle rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbìn ín. Bí igi kan ṣoṣo bá hù láti inú rẹ̀, ó lè má so bíi ti ìyá rẹ̀. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá hù pọ̀ láti inú èso kan, ẹ yọ èyí tó bá yàtọ̀ sí àwọn yòókù kúrò, torí àwọn yòókù ló sábà máa ń jọ ìyá.

Nígbà tí ìwé bá ti tó, ẹ ṣe sàárà kan nínú ilé náà kí ẹ tó kó jáde. Àkàrà àti ẹ̀kọ ti tó. Ẹ pe àwọn ará àdúgbò, ẹ fi onílé tuntun hàn wọ́n, ẹ béèrè bí màmá bá jẹ ẹnikẹ́ni lówó èésú tàbí tí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù ẹni méjì sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò tó sún mọ́ ọn jù, torí ojúlùmọ̀ láti Pọ́bẹ̀ tàbí Ṣakí tí kò gbọ́ pé ìyá ti lọ á ṣì máa wá.

Lọ́jọ́ tí ẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, ẹ ya nọ́ńbà ojú mítà iná ti SBEE àti mítà omi ti SONEB níwájú ẹni tó ń gba ilé, kẹ́yin àti òun fọwọ́ sí ìwé kan náà, kẹ́ ẹ sì lọ fòpin sí orúkọ bàbá níléeṣẹ́ méjèèjì lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Iná tí ẹlòmíràn bá jẹ lórúkọ bàbá, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni wọ́n máa mú gbèsè rẹ̀ wá.